Owó Orí Yàtọ̀ sí Owó Ilẹ̀: Ìtàn Kharaj fún Ẹni tó Ni Ilẹ̀ àti Ẹni tó Fẹ́ Rà á



Inú èdè wa ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Tí Yorùbá bá fẹ́ dárúkọ owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, “owó orí” ló máa ń pè é. Orí ènìyàn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí: orí kan, iye kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó ti àwọn bàbá àgbà á ti gbọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń sá wọ igbó tí akódà bá dé láti gba owó orí. Àwọn Ẹ̀gbá gbé ohun ìjà lórí ọ̀rọ̀ owó orí àti iṣẹ́ ipá lọ́dún 1918, òun ni wọ́n ń pè ní Ogun Àdùbí. Orúkọ yìí ti mọ́ wa lára débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé orí ènìyàn nìkan ni owó ìjọba lè wà.

Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan tó kó owó jọ fún ọdún mẹ́wàá, tó fi ra ilé, tó gba rìsíìtì, tó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn níwájú lọ́yà. Kò pẹ́, ìwé owó ilẹ̀ dé, gbèsè ọdún mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ohun tó máa sọ ni pé, “Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́, ẹ lọ bá ẹni tó tà á fún mi.” Òmíràn á ní sàká nìkan ni Islām mọ̀, pé owó yòówù tí wọ́n bá tún ní kí Mùsùlùmí san, ìrẹ́jẹ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti pẹ́ láyé. Ó lé ní 1,300 ọdún tí wọ́n ti wáyé ní ilẹ̀ Ìráàkì, àwọn Sàábé sì sọ̀rọ̀ lé wọn lórí, wọ́n dájọ́, wọ́n tún bá ara wọn jiyàn. Orúkọ tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ni kharaj, ìyẹn owó ilẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sawad ló ti bẹ̀rẹ̀. Sawad túmọ̀ sí dúdú lédè Lárúbáwá. Àwọn tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí igi dàbínù àti oko tó wà létí odò Tigris àti Euphrates máa ń ṣú dùdù láti òkèèrè lójú ẹni tí kò rí nǹkan kan ju iyanrìn lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ àwọn ọba Páṣíà ni ilẹ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun Qadisiyya, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí nígbà tí Umar ọmọ al-Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) jẹ́ Kálífà. Ọdún 13 sí ọdún 23 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn 634 sí 644, ni ó fi ṣe ìjọba.

Àwọn ọmọ ogun ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà fún àwọn. Wọn ò kàn ń ṣojúkòkòrò o, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Khaybar lọ́dún keje Hijira, Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun pín nínú ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn tó bá a lọ sójú ogun, ó sì fi àwọn Yàhúdí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa dáko lọ, kí wọ́n sì máa mú ìdajì irè rẹ̀ wá. Bí Ànábì bá ti ṣe é ní Khaybar, kí ló dé tí wọn ò ní ṣe é ní Sawad? Bilal ọmọ Rabah wà lára àwọn tí ohùn wọn le jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abdur-Rahman ọmọ Awf náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Umar lára débi pé ó ké pe Ọlọ́hun pé kí Ó bá òun yanjú ọ̀rọ̀ Bilal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé Bilal tí à ń wí yìí ni Umar kan náà máa ń pè ní ọ̀gá wa. Àwọn ẹni ire lè takò ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí ìfẹ́ má sì kúrò láàárín wọn.

Kí ni Umar rí tí kò fi fẹ́ pín in? Ó bi wọ́n pé bí òun bá pín ilẹ̀ náà tòun tàwọn àgbẹ̀ orí rẹ̀ fún àwọn tó jagun lónìí, kí ló máa kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ta ló máa san owó àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnubodè ní Ṣáámù, ní Basra, ní Kufa àti ní Íjíbítì? Níbo ni wọ́n á ti rí owó tọ́jú opó àti ọmọ òrukàn? Ó ránṣẹ́ pe àgbààgbà mẹ́wàá nínú àwọn Ansar, márùn-ún láti inú ẹ̀yà Aws, márùn-ún láti inú ẹ̀yà Khazraj, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Ibi tó ti rí ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni Súrà al-Hashr. Nínú àwọn áyà tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí Ọlọ́hun dá padà fún Ojiṣẹ́ Rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, títí dé áyà kẹwàá, Ọlọ́hun dárúkọ àwọn tó ṣe Hijira, Ó dárúkọ àwọn ará Mẹdínà tó gbà wọ́n sílé, lẹ́yìn náà Ó dárúkọ àwọn tó máa dé lẹ́yìn wọn. Umar ní gbólóhùn ìkẹyìn yìí kó gbogbo Mùsùlùmí tí wọ́n á bí títí ayé mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Wọn ò tíì bí àwọn tí Umar ń jà fún lọ́jọ́ náà. Ìkankan nínú wọn ò sí níbi ìpàdé, wọn ò sì lè bínú sí i lọ́la. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n lè bínú, tí idà sì wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ni ó sọ pé rárá fún. Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tó wà lórí àga ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyí: ilẹ̀ náà dúró sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ro, ó di ti gbogbo Mùsùlùmí lápapọ̀, ẹni tó bá ń jẹ nínú rẹ̀ á sì máa san iye kan lọ́dọọdún sínú àpò gbogbo gbòò, ìyẹn Baytul-mal.

Kó tó di pé wọ́n bu iye lé e, wọ́n ní láti mọ bí ilẹ̀ náà ṣe tó. Umar rán Uthman ọmọ Hunayf àti Hudhayfa ọmọ al-Yaman pé kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣi Uthman yìí mú fún Uthman ọmọ Affan, Kálífà kẹta. Ọmọ Ansar ni eléyìí, ẹni tó ní làákàyè tó sì mọ iṣẹ́. Jarib ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: ọgọ́ta ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, ọgọ́ta ìgbọ̀nwọ́ ní ìbú. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ilẹ̀ Sawad jẹ́ 36,000,000 jarib. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ròyìn iye tí wọ́n bù lé e ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀kan, jarib kan ọgbà àjàrà, dirham 10, dàbínù, 8, ìrèké, 6, àlìkámà, 4, ọkà báálì, 2. Ẹ rí i pé kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo ilẹ̀. Ilẹ̀ tó ń mú owó wọlé jù ló ń san jù.

Nǹkan kékeré kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹni mẹ́ta ni Umar rán lọ sí Kufa: Ammar ọmọ Yasir fún ìrun àti ogun, Abdullah ọmọ Mas'ud fún ìdájọ́ àti Baytul-mal, Uthman ọmọ Hunayf fún wíwọn ilẹ̀. Àgùntàn kan lójúmọ́ ni oúnjẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ammar ló ni ìdajì àti ìfun, nítorí pé òun ni olórí. Àwọn méjì yòókù pín ìdajì tó kù. Bí Umar ṣe pín in tán, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ilẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń mú àgùntàn kan nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ bàjẹ́. Àgùntàn kan, lórí ilẹ̀ tó gbòòrò tó yẹn!

Yàtọ̀ sí owó ilẹ̀ yìí, owó kejì tún wà, jizya. Orí ènìyàn ni ìyẹn wà, òun gan-an ni “owó orí” bí Yorùbá ṣe ń pè é. Ọkùnrin tó ti dàgbà tó sì ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló ń san án: olówó, dirham 48 lọ́dún, ẹni tó rí jẹ díẹ̀, 24, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, 12. Obìnrin àti ọmọdé kì í san án. Ẹ fi ìyàtọ̀ àárín owó méjèèjì yìí sọ́kàn, torí òun ni ó máa yanjú ohun tó kù.

Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba Islām. Ẹni tó bá gba Islām, jizya kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin kan ní àdúgbò Nahr al-Malik, tó jẹ́ onílẹ̀ pàtàkì láyé àwọn Páṣíà, gba Islām. Wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Umar. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí obìnrin náà bá yan ilẹ̀ rẹ̀, tó sì ń san ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀; bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. Ìjòyè onílẹ̀ kan ní Ayn al-Tamr náà gba Islām lọ́wọ́ Ali (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ali ní jizya orí rẹ̀ ti kúrò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ti gbogbo Mùsùlùmí ni. Ọkùnrin mìíràn sọ fún Umar pé òun ti di Mùsùlùmí, kí wọ́n gbé owó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Umar ní ogun ni wọ́n fi gba ilẹ̀ náà, nítorí náà kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Orí ló gba Islām, ilẹ̀ kì í kírun.

Ẹni tó fi owó rà ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilẹ̀ rà gan-an. Abu Ubayd al-Qasim ọmọ Sallam, onímọ̀ tó kú lọ́dún 224 Hijira, kọ ìtàn Utba ọmọ Farqad sínú ìwé rẹ̀ Kitab al-Amwal. Utba ra ilẹ̀ létí odò Euphrates, ó sì wá sọ fún Umar. Umar bi í pé ọwọ́ ta ló ti rà á. Ó ní ọwọ́ àwọn tó ni ín. Umar kò wí nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí àwọn Muhajirun àti Ansar péjọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ló yíjú sí Utba, ó nawọ́ sí wọn, ó ní àwọn tó ni ilẹ̀ náà rèé, ṣé ó ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn? Utba ní rárá. Umar ní kó lọ dá ilẹ̀ náà padà fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó gba owó rẹ̀.

Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ tó ṣe kedere ju èyí lọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Kì í ṣe pé Utba jalè. Ó san owó rẹ̀ pé. Ohun tí kò ṣe ni pé kò béèrè ẹ̀tọ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ dúnàádúrà títí ọ̀fun á fi gbẹ, a ò ní béèrè èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ìtàn kì í tọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n ròyìn pé Abdullah ọmọ Mas'ud, Khabbab ọmọ al-Aratt, Husayn ọmọ Ali àti adájọ́ Shurayh ní ilẹ̀ kharaj lọ́wọ́, wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn kan ní a kì í ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, torí ti gbogbo ènìyàn ni. Àwọn Hanafi ní a lè tà á, a lè rà á, a lè jogún rẹ̀. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ẹni tí ilẹ̀ náà bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, kharaj bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ Sàábé.

Láyé al-Hajjaj ọmọ Yusuf, tó jẹ́ gómìnà Ìráàkì láti ọdún 75 sí 95 Hijira, ọ̀rọ̀ yìí dàrú. Àwọn àgbẹ̀ tó gba Islām ń fi oko sílẹ̀, wọ́n ń rọ́ wọ Basra àti Kufa. Owó tó ń wọlé dínkù. Ohun tí al-Hajjaj ṣe ni pé ó lé wọn padà sí abúlé wọn tipátipá, wọ́n ní ó tiẹ̀ tẹ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ló tún ń gba jizya lọ́wọ́ ẹni tó ti jẹ́rìí pé kò sí ọlọ́hun mìíràn àyàfi Allāh. Ó pa owó orí àti owó ilẹ̀ pọ̀, ó sì fi méjèèjì ni Mùsùlùmí lára. Ẹ̀gbin ńlá ni.

Umar ọmọ Abdul-Aziz, tó jẹ Kálífà lọ́dún 99 sí 101 Hijira (717 sí 720), ló tún un tò. Ó ní kí wọ́n gbé jizya kúrò lórí gbogbo ẹni tó bá gba Islām. Nígbà tí gómìnà rẹ̀ ní Íjíbítì ń ráhùn pé owó á dínkù, ó dá a lóhùn pé olùpèpè sí ọ̀nà ni Ọlọ́hun rán Muhammad wá jẹ́, kò rán an wá gba owó orí. Ó kọ̀wé sí gómìnà Kufa pé kó má ṣe bu iye ilẹ̀ tó lọ́ràá lé ilẹ̀ aṣálẹ̀. Ó ka oríṣiríṣi owó àfikún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ní kó dópin: ẹ̀bùn ọdún Nawruz àti Mihrajan, owó ìwé tí wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀, owó ilé, owó ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ kharaj, kò gbé e kúrò. Wọ́n tiẹ̀ gbà á sílẹ̀ pé láti ọdún 100 Hijira, ó ní kí wọ́n má ta ilẹ̀ kharaj fún Mùsùlùmí mọ́, kí ẹ̀tọ́ gbogbo gbòò má baà máa sọnù sínú kátàkárà.

Nígbà tí yóò fi di ayé àwọn ìmáàmù mẹ́rin, àwọn onímọ̀ ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àríyànjiyàn kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí Mùsùlùmí bá ń dáko lórí ilẹ̀ kharaj, ṣé yóò san kharaj, yóò tún yọ sàká irè oko, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá fún oko tí òjò ń rin, tàbí ìdá kan nínú ogún fún oko tí ó ń fún lómi? Abu Hanifa ní méjèèjì kì í pàdé lórí ilẹ̀ kan. Malik, al-Shafi'i àti Ahmad ní wọ́n pàdé: ilẹ̀ ló ni kharaj, irè ló ni sàká, ẹni tó san ọ̀kan kò tíì san èkejì. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, tí ẹ bá ti mọ̀ pé ọ̀nà Malik ni àwọn àáfà wa fi ń kọ́ni.

Àwọn Hanafi ló wá tú ọ̀rọ̀ ríra àti títà wò fínnífínní. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ kharaj láàárín ọdún, ta ni yóò san ti ọdún náà? Ìdáhùn wọn ni pé ẹ wo àkókò tó kù. Bí ó bá ku oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni tó rà á fi lè gbin nǹkan kó sì kórè, òun ni yóò san án. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á ni. Bí eéṣú, omíyalé tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ba irè jẹ́, wọ́n á gbé owó ọdún náà kúrò. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá kàn jókòó tì í, tí kò dáko, tí kò sì fún ẹlòmíràn dá, yóò san án ní tirẹ̀ bí ó bá jẹ́ iye tí a ti bù lé ilẹ̀. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tó fi wọ́n sílẹ̀ fún koríko nítorí pé ó ń dúró kí owó ilẹ̀ gorí sí i, kó gbọ́ o. Ilé tí ènìyàn ń gbé ńkọ́? Wọ́n ní Umar fi ilé gbígbé sílẹ̀ láìgba nǹkan kan lórí rẹ̀.

Mi ò lè fi Abu Yusuf sílẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Abu Hanifa ni, òun sì ni olórí àwọn adájọ́ láyé Harun al-Rashid. Harun ní kó kọ ìwé fún òun nípa owó ìjọba, ó kọ Kitab al-Kharaj. Ó ṣàlàyé fún Kálífà pé iye tí Umar bù lé ilẹ̀ láyé ọjọ́sí bá ayé ìgbà yẹn mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń dá nígbà náà ti di igbó báyìí, iye kan náà á wá ni àgbẹ̀ lára. Ó ní kí wọ́n máa gba ìpín nínú irè: ìdá méjì nínú márùn-ún fún àlìkámà àti báálì tí omi odò ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fún èyí tí àgbẹ̀ ń fa omi sí, ìdá kan nínú mẹ́ta fún dàbínù àti àjàrà. Ó bẹnu àtẹ́ lu kí ìjọba máa ta iṣẹ́ owó gbígbà fún olówó kan, kí ìyẹn wá lọ fá àwọn ará ìlú lórí kodoro láti fi rí èrè tirẹ̀. Ó tún kọ̀ ọ́ fún àwọn agbowó láti máa na àgbẹ̀ tàbí láti máa mú un dúró nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ yìí, iwájú ọba ni ó ti sọ ọ́. Ó kú lọ́dún 182 Hijira (798).

Báwo ni ó ṣe kàn wá nílé? Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Hausa pé kí ni wọ́n ń pe owó tí ìjọba ń gbà. Yóò ní haraji. Kharaj náà ni, ó kàn yí ohùn padà ni. Yorùbá náà kò sì ṣaláìmọ̀ pé ilẹ̀ lè ní ẹ̀tọ́ lórí: ìṣákọ́lẹ̀ ni àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san, ọmọ tó bá sì jogún oko náà ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1978, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ìwé òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti díye lé ilé fún owó tí onílé á máa san. Ní Èkó, òfin Land Use Charge ti ọdún 2001 pa àwọn owó ilẹ̀ àti owó ilé pọ̀ sójú kan. Wọ́n fi kún un lọ́dún 2018, ariwo sọ, wọ́n dín in kù. Òfin mìíràn sì dé lọ́dún 2020.

Mi ò sọ pé Land Use Charge ni kharaj o. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé tí Umar fi sílẹ̀ ni èyí ń díye lé, ìjọba tó ń gbà á kì í ṣe ti Kálífà, ẹni tó bá sì rò pé iye rẹ̀ pọ̀ jù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ owó ìlú nínú Islām yàtọ̀ sí sàká, kí ló fẹ́ fi àwọn Sàábé tó ń san kharaj ṣe? Al-Ghazali àti al-Shatibi náà gbà pé olórí lè bu iye lé àwọn tó ní lọ́wọ́ bí àpò ìlú bá gbẹ, tí àìní sì jẹ́ òótọ́. Owó tí Ànábì kìlọ̀ nípa rẹ̀ gidigidi ni èyí tí alágbára ń dúró lójú ọ̀nà gbà lọ́wọ́ oníṣòwò láìní ẹ̀tọ́. Ẹ má kó méjèèjì pọ̀. Sísan owó ìjọba náà kò sì gba ipò sàká: ẹni tí owó rẹ̀ bá pé iye, tó sì pé ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, sàká rẹ̀ ń dúró dè é.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí ilé, ẹ béèrè rìsíìtì owó ilẹ̀ ọdún tó kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ìwé sọfíyọ̀ nìkan. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń gbà á, ẹ bi wọ́n pé èló ni gbèsè tó wà lórí nọ́ńbà ilé náà. Bí gbèsè bá wà, ẹ kọ ẹni tí yóò san án sínú ìwé àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ rí i dájú pé wọ́n yí orúkọ padà lórí àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà, ẹ rántí pé Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun ní bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé, Ọlọ́hun á fi ìbùkún sí ọjà wọn. Bí wọ́n bá fi àbùkù pamọ́, ìbùkún ọjà náà á parẹ́. Gbèsè owó ilẹ̀ ọdún mẹ́rin tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò sọ, àbùkù ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa Umar. Ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gún un lọ́bẹ lọ́dún 23 Hijira, ó dúró ti Hudhayfa àti Uthman ọmọ Hunayf, ó bi wọ́n bóyá wọn ò ti di ẹrù tí ilẹ̀ náà kò lè gbé lé e lórí. Wọ́n ní rárá, ohun tó lè gbé ni. Ó tún ní kí wọ́n wò ó dáadáa bóyá wọn ò ti di ẹrù jù. Wọ́n ní rárá. Ó wá sọ pé bí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí òun sí, òun á fi àwọn opó Ìráàkì sílẹ̀ láìní bùkátà sọ́dọ̀ ọkùnrin kankan mọ́ lẹ́yìn òun. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n gún un.